Ẹṣin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Lù Pa

Ẹ má pè mí lónírọ́ o. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Mushin.

Ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Èmi àti Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi ọmọ ìyá mi, la jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ olówó kan tó ń sin ẹṣin eré ìje lápá Ìlúpéjú. Èmi ń tọ́jú wọn, Ràṣídì ń gùn wọ́n.

Abo ẹṣin pupa kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn bí ojú. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Jọ̀ọ́, má dààmú mi. Ẹṣin kì í kọ eré."

Ọ̀gá ní kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Ó sáré lóòótọ́. Kó tó dé òpin, ẹsẹ̀ náà kán, egungun yọ síta. Ràṣídì ń nà án pé kó dìde. Nígbà tí kò lè dìde, ó fi irin fọ́ ọ lórí. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án gangan, a gbọ́ tí ẹṣin ń yán nínú yàrá abo ẹṣin yẹn tó ti ṣófo. Ràṣídì rò pé ẹnìkan ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú pàṣán, ó wọlé.

Ilẹ̀kùn pa dé. Ẹ gbọ́ o, atẹ́gùn kankan ò fẹ́!

Mo gbọ́ pàṣán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, pátákò: gbì, gbì, gbì! Ògiri ń mì, ẹ̀gbọ́n mi ń ké. Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Mo wá fẹnu mọ́ ihò rẹ̀, mo ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Jọ̀ọ́, èmi àti òun nìkan ni ìyá wa bí."

Ariwo náà dáwọ́ dúró. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Ràṣídì wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, àmì pátákò sì wọ̀ ọ́ láyà.

Ó ní, "Má gbé mi dìde. Ó wà lẹ́yìn ẹ."

N kò bojú wẹ̀yìn. Èémí gbígbóná kan ṣáà ń fẹ́ sí mi lọ́rùn.

Dókítà to egungun náà títí, kò jinná dòní.

Ọ̀gá ṣì ń ra ẹṣin, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa gùn wọ́n. Èmi ti kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ náà, bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá wú, ẹ má gùn ún o. Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́. N kò mọ̀ bóyá yóò tún gbọ́ ti ẹlòmíràn.