Ta Ló Gbé Ìwé Ìpè Lọ sí Lougba?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ọ́fíìsì wa ní Bantè, ọ̀gá mi fi àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì hàn mí. Ó ní, "Rọra jókòó, ọmọ àwọn Sísítà. Àga yìí náà ń retí kí ìjọba wá gba òun sílẹ̀."

Ọmọ àwọn Sísítà ló ń pè mí títí ó fi fẹ̀yìn tì, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà ní Savalou ni mo ti kàwé. Àwọn Sísítà ló kọ́ mi bí a ti ń kọ lẹ́tà tó mọ́, àti bí a ti ń gbàdúrà kí a tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí wọn títí di òní.

Iṣẹ́ wa ni pé kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé: aya tí ọkọ ń lù, ọmọ tí wọ́n fi ebi pa, arúgbó tí wọ́n lé síta. Bí ẹnì kan bá wá fẹjọ́ sùn, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, a ó sì kọ ìwé ìpè sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ìwé ìpè kì í ṣe ohun ńlá. Bébà kan ni, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti òǹtẹ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ òǹtẹ̀ náà dáadáa, ọkùnrin tó ń bú ramúramù nílé á wá dúró níwájú wa, á mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó pẹ́ dé.

Ọ̀gá mi kọ́ mi bí a ti ń tẹ òǹtẹ̀. Ó tún kọ́ mi ní ohun kan tí mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀: ẹni tó wá fẹjọ́ sùn ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé ìpè lọ. Ọ́fíìsì wa kò ní alùpùpù, ọ̀nà Agoua àti Bobè sì jìn.

"Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé," ni ọ̀gá mi wí. "Kí ló tún kù?"

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, mo sì ń sùn dáadáa.

Àbẹ̀kẹ́ wá láti Lougba nígbà tí wọ́n ń ṣa èso kajú. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ojú rẹ̀ kan sì wú débi pé kò lè là á. Ìdòwú ọkọ rẹ̀ ló lù ú. Mo kọ ìwé ìpè, mo tẹ òǹtẹ̀, mo fún un. "Tọ́jú ẹ̀ dáadáa," ni mo wí. "Má jẹ̀ẹ́ kó sọnù."

Ìdòwú kò wá. Nígbà tó yá, Àbẹ̀kẹ́ tún dé, apá rẹ̀ ló wú lọ́tẹ̀ yìí. Mo fún un ní ìwé kejì. Lẹ́yìn rẹ̀, ìkẹta. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé, "Ọkọ kọ̀, kò wá." Mo sì fi orúkọ obìnrin náà sínú àdúrà mi, bí ẹni pé Ọlọ́run ni ìránṣẹ́ mi tó máa bá mi gbé ìwé lọ.

Àárín ìgbà yẹn ni ìjọba pe àwa òṣìṣẹ́ sí ìpàdé ní Savalou. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Kétu ni wọ́n rán sí wa láti Kútọnú. Ó ṣàlàyé pé ìjọba wa ti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn máa dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé, àti pé láti ìgbà dé ìgbà, ìjọba gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wọn nípa ohun tó ti ṣe.

"Ìwé tó ń lọ sí òkè òkun, lọ́wọ́ yín ló ti ń bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Bí ẹ bá pa irọ́ ní Bantè, irọ́ náà á wọ bàálù."

Mo dìde láti sọ bí a ti ń ṣiṣẹ́. Mo ròyìn ìwé ńlá wa, mo yin òǹtẹ̀ wa, ó kù díẹ̀ kí n yin àga náà mọ́ ọn.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni ọmọ Kétu wí. "Ta ló ń gbé ìwé ìpè náà lọ?"

"Obìnrin náà ni."

"Obìnrin wo?"

"Èyí tí wọ́n lù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná wa, nítorí pé bí gbogbo wa ti ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ náà kò bá mi wí. Ó kàn gbé kálàmù rẹ̀ sókè, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe kọ ìyẹn?"

Mo rọra jókòó.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Àbẹ̀kẹ́ yà sí ọ̀dọ̀ mi. Kí ó tó jókòó ni mo ti bi í pé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó sì yọ ọ̀rá kan jáde. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní.

"Àwọn nìyí, Màdáàmù. Ẹ ní kí n tọ́jú wọn, kí wọ́n má sọnù."

"Àbẹ̀kẹ́! O ò fún un?"

"Màdáàmù, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó lọ já pàṣán wá fún ẹni tó fẹ́ nà yín?"

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ ó béèrè lọ́jọ́ kan."

Mo kọ ìwé kẹrin. Mo mú Àbẹ̀kẹ́ àti ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Sísítà, nítorí bí ìwé bá dé Lougba nígbà tí òun náà wà níbẹ̀, a kò mọ ohun tí Ìdòwú lè ṣe. Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, mo sì di ọlọ́kadà náà mú bí ẹni tó di ọ̀run mú. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ní etí odò kan, zẹ́mì dùbúlẹ̀, èmi náà dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìwé nìkan ni kò fara kan ilẹ̀: mo nà án sókè.

Ní Lougba, mo kọ́kọ́ kí baálé, òun náà sì tẹ̀ lé mi. Ìdòwú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi kajú. Wọ́n wo ẹrẹ̀ ara mi.

"Ṣé ìjọba fi yín gbálẹ̀ ni?" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ó fi mí gbá a dé ọ̀dọ̀ yín," ni mo fèsì. Mo na ìwé sí Ìdòwú. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án."

Kò gbà á. Ó ń wo ẹ̀yìn mi. "Ìyàwó mi dà?"

"Ibi tí apá rẹ kò dé. Àwọn ọlọ́pàá ti gbọ́. Nítorí irú apá rẹ yẹn ni ìjọba ṣe lọ bá àwọn orílẹ̀-èdè ṣàdéhùn."

Baálé mi orí, ó ní, "Áà, Ìdòwú! Apá rẹ ti dé òkè òkun, iṣu rẹ kò tíì dé Savalou."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi mí rẹ́rìn-ín yí ẹ̀rín sí i. Ó gba ìwé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Àbẹ̀kẹ́ kò padà sí Lougba mọ́. Savalou ló wà, ó ń ta wàgàsì, wàrà dídì, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń ríran dáadáa, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọmọ Kétu yẹn: "Ẹni tí wọ́n lù là ń fún ní ìwé ìpè gbé tẹ́lẹ̀. A ti jáwọ́. Àwa fúnra wa là ń gbé e báyìí." Ó ní òun fi í sínú ìwé tó ń lọ sí òkè òkun, òun kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo máa fẹ̀yìn tì, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wọlé, ó fi ìbòrí bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kó rọra jókòó, nítorí àga.

"Àbẹ̀kẹ́ oníwàgàsì ló júwe yín," ló wí. "Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ìwé lọ fúnra yín."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi."

"Ó tún ní kí n bá òun sọ fún yín," ló wí, ẹ̀rín sì fẹ́ yọ lábẹ́ ìbòrí náà, "pé tí ẹ bá ti dé etí odò yẹn, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn."