Àpótí Ímeèlì Tó Kún Dẹ́nu

Òórùn ẹja gbígbẹ àti epo ẹ́ńjìnì ló kún ọ́fíìsì wa ní Ìgbókòdá, mo sì rántí fáàrí tí mò ń ṣe níbẹ̀ kí n tó di akọ̀ròyìn. Ilé-iṣẹ́ wa ní ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun; èmi ni mò ń bójú tó ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Àyè tí a fún àpótí kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Bí ti ẹnì kan bá kún, èmi ni n óò kìlọ̀ fún un. Bí ó bá pẹ́ tí kò ṣí i, èmi ni n óò pa á rẹ́. Mo dé fìlà ilé-iṣẹ́, mò ń rìn bí ẹni tó ni òkun.

Lọ́jọ́ kan, mo rí àpótí mẹkáníìkì kan, ọmọ abúlé Zion Pepe. Ó kún dẹ́nu, kò sì ṣí i láti ìgbà tó ti gba ìsinmi lọ sílé. Ọ̀gá mi ní, "Pa á rẹ́ jàre, àyè là ń wá." Ọwọ́ mi kò gbé e. Lọ́dọ̀ wa, bí ìgèrè ẹlòmíràn bá kún fún ẹja nínú omi tí kò wá gbé e, a kì í tú u. Ilé rẹ̀ là ń lọ wò. Mo wọ ọkọ̀ lọ sílé rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lórí afárá pákó. Ó rí fìlà mi, ó ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé òun ló rán ẹ? Ìbínú ọma mi yìí mà pọ̀ o!"

"Ìye," mo pè é bí a ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, "ṣé kò sí nílé ni?"

"Nílé wo? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà!"

Ilé-iṣẹ́ rò pé ilé ló wà. Ilé rò pé ibi iṣẹ́ ló wà. Àwọn apẹja wá a títí dé Araromi. Ọkọ̀ kékeré tó wọ̀ wálé kò dé èbúté kankan.

Lẹ́yìn náà, ìyá náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ti gbọ́ pé ọmọ náà fẹ́ fẹ́ obìnrin kan tí òun kò fẹ́, ó sì ní kí tíṣà abúlé bá òun fi ímeèlì bú u. Nígbà tí kò rí èsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Ó bi mí pé, "Èwo ló kà níbẹ̀?"

"Kò ka ìkankan, Ìye."

"Èyí tí mo fi bú u ńkọ́?"

"Kò ṣí i."

Ó gbọ́wọ́ lérí. "Háà! Kò bínú sí mi lọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹkún tó gbé e.

Ó ní òun fẹ́ fi ọ̀kan sí i ránṣẹ́. Mo ní àyè kò sí mọ́, àfi ká yọ ọ̀kan kúrò.

"Yọ èébú yẹn."

Mo yọ ọ́. Ó ń sọ ọ́, mò ń tẹ̀ ẹ́: "Ọma mi, mú obìnrin náà wálé."

Kí oṣù tó parí, ọ̀gá pa àpótí náà rẹ́. Láti ìgbà náà, ìròyìn ọkọ̀ tó rì tí mo ti kọ kò lóǹkà. Àwọn àgbà ní "ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ. Obìnrin yẹn kò rí èyí tó yá gbà. Ímeèlì rẹ̀ tó kẹ́yìn, èmi nìkan ni mo kà á.