Dàwódù, Ẹni Tó Ná Òtútù Sítókóòmù

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Dàwódù l'Ágége, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá a láàárín ẹja ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ.

Shuaib, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń mójú tó yàrá oníyìnyín ilé iṣẹ́ ẹja kan nítòsí ibùdó rélùwéè. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn alájàpá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin kan ni wọ́n rí tó jókòó sórí páálí ẹja, tó wọ súwẹ́tà léra wọn, tó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé orí mọ́ etí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú. Àwọn obìnrin figbe ta pé òkú rèé o! Òkú náà la ẹnu tó ń gbọ̀n, ó ní:

"Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn! Ẹ ń jẹ́ kí Sítókóòmù jáde!"

Mẹkáníìkì ẹ̀rọ ìhunṣọ ni Dàwódù ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan n'Íkẹjà. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, òyìnbó kan wá láti Súwídìn, ó wá to ẹ̀rọ tuntun fún wọn. Ó fi fọ́tò Sítókóòmù, ìlú rẹ̀, han Dàwódù: òrùlé funfun, igi funfun, omi tó dì tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀. Ó ní kó mú ìyàwó rẹ̀ wá nígbà òtútù, ọjọ́ mẹ́rin péré ti tó. Bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Dàwódù ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Òun àti Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, kò bímọ. Wọn ò sì jọ rìnrìn àjò rí, àfi bí ẹnìkan bá kú.

"Òkú nìkan la fi ń mọ ìlú," ló sọ fún un. "Lọ́tẹ̀ yìí, a ó lọ wo nǹkan tí kò kú."

Ó gba ọ́fíìsì àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú lọ. Ọmọge kan tó ń jẹ́ Tẹjú ló dá a lóhùn.

"Bàbá, Jánúárì tutù níbẹ̀ o. Ó lè dé mínọ́ọ̀sì mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta."

"Bàbá, a kì í ná òtútù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ó dìde, ó ń rọra lọ bí oníbàárà tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Ó ti dé etí títì kó tó yé e pé Sítókóòmù ò ní í dín.

Ìgbà yẹn ló wọnú yàrá oníyìnyín Shuaib lọ, kí ara rẹ̀ lè kọ́ òtútù. Ó tún da omi ọṣẹ sílẹ̀ nínú ọgbà, kí òun àti Sùlíyá lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín. Onílé ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, ìdí ló sì fi kọ́ ọ.

Físà jáde. Àfi bí nǹkan ṣe le lójijì lọ́dún 1982. Ohun èlò kò wọlé láti òkè òkun mọ́, ẹ̀rọ tuntun dákẹ́, wọ́n sì ti géètì ilé iṣẹ́ pa. Dàwódù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró síta níwájú géètì náà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì di owó gàrí.

Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó sẹ́yìnkùlé, tó ń wo ògiri. Ikọ́ tí eruku òwú ti gbìn sí i láyà láti ọdún pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú. Kò dápàárá mọ́. Èyí ló ba Sùlíyá lẹ́rù ju ikọ́ lọ.

"Ọkọ mi," ó ní, "ṣé Súwídìn nìkan ni òtútù wà ni? Àwọn tó ń kó kárọ́ọ̀tì wá láti Jọ́ọ̀sì máa ń sọ pé èèyàn ń wọ kóòtù níbẹ̀ ní Dìsẹ́ńbà."

Dàwódù yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Wọ́n ń wọ kóòtù?"

Wọ́n wọ rélùwéè l'Ágége, wọ́n sì dé Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú eruku lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dàwódù jáde síta, ó sọ̀rọ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó pe Sùlíyá pé kó wá wo bí ọ̀rọ̀ òun ṣe ń jóná. Ó wá kọjú sí ìyá tó ni ilé àlejò:

"Ìyá, òtútù yín dára. Ẹ fi ènì sí i fún wa."

Atẹ́gùn kan fẹ́. Kí ìyá tó dáhùn, Dàwódù oníbàárà ti sáré wọlé, ó ń bèèrè iná.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ikọ́ náà mú un lọ.

Lẹ́yìn fídáù, àwọn èèyàn jókòó yí Sùlíyá ká, wọ́n ń rántí oríṣiríṣi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ léjìká rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó ku òun àti Shuaib.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n," ó ní. "L'Ágége, iwájú ló máa ń wà, èmi á máa sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá."

"Ní Jọ́ọ̀sì, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Lójú títì gbangba. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Ó ní kí wọ́n máa wò."

Shuaib fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, wọ́n sì jọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì.