Bàálù Tí Norris Rí Nínú Fíìmù Amí

Kí Norris Applegarth tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ páìpù gáàsì ló ń ṣe kiri ilé àwọn ará ìlú Horncastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó sọ ohun tó mọ̀ jù láyé, bàálù ló máa sọ. Kò wa bàálù rí o. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé bí òun bá gun àkàbà inú ilé ìdáná lásán, ẹsẹ̀ òun á máa gbọ̀n. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kó máa wo fíìmù ogun àtijọ́, kó sì máa pe orúkọ gbogbo bàálù tó bá kọjá.

Ẹkún ni Thelma ìyàwó rẹ̀ máa ń bá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sun. Amí á dì mọ́ aya rẹ̀, wọ́n á máa dágbére, Norris á wá pariwo:

"Irọ́ ni wọ́n ń pa! Bàálù Jámánì kọ́ nìyẹn. Anson, bàálù tiwa níbí, ni, wọ́n kàn kun àmì Jámánì sí i lára."

"Norris, jọ̀ọ́, panu mọ́. Ọkùnrin yìí ń lọ kú."

"Kó máa lọ, àmọ́ kó wọ bàálù tó yẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, wọ́n fi fíìmù amí kan tó ti pẹ́ gan-an hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàálù Lysander tó gbé amí wọ ilẹ̀ Faransé, Norris ti dá a mọ̀ kó tó balẹ̀. Anson náà wà ńbẹ̀, nínú ẹ̀wù Jámánì tó máa ń wọ̀. Àfi nǹkan dúdú kékeré kan tó yọ lókè orí obìnrin tó dúró lẹ́nu géètì. Bó ṣe yọ ló pòórá. Norris dá fíìmù padà. Ó tún dá a padà. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi kàn án.

"Thelma! Gull ni! Percival Gull!"

Bàálù kékeré kan ni Gull, orúkọ ẹyẹ etí òkun ni àwọn tó ṣe é fi pè é. Kò wọ́pọ̀ rárá. Kíá ni Norris gbé e sórí ìkànnì tí àwọn olólùfẹ́ bàálù bíi tirẹ̀ ti máa ń sọ bàálù tó wà nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yìn ín títí. Ọkùnrin ará Norwich kan, Rodney Catchpole, ní Norris ló la òun lójú. Orí Norris wú bí búrẹ́dì.

Ni ẹgbẹ́ olólùfẹ́ bàálù ìlú wọn bá ní kó wá sọ̀rọ̀. Ken Stubley, alága wọn, ti wá ẹ̀dà fíìmù náà tó mọ́ kedere, wọ́n sì fẹ́ fi í hàn lára ògiri ńlá. Norris wọ táì tí wọ́n ya bàálù sí. Ó ní kí Ken dá fíìmù dúró níbi géètì, ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: apá Gull, ìrù Gull, bí ojú tirẹ̀ nìkan ṣe rí i. Ó sọ ọ́ títí tíì tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn fi tutù.

"Ó dáa, Ken. Jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀."

Ken jẹ́ kó máa lọ. Percival Gull fò dé òkè orí obìnrin náà, ó gbọn ìyẹ́, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì bà sórí òrùlé.

Thelma tó jókòó láàárín wọn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Norris," Ken ní, "táyà rẹ̀ dà?"

"Ẹ má bú u o," ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Gull ló pè é, Gull náà ló jẹ́!"

Ojú Norris pọ́n bíi tòmátì. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọlé. Ẹ̀rín wá pa òun náà.

"Ẹ ṣáà gbà," ó ní, "nínú gbogbo ohun tó fò nínú fíìmù yìí, òun nìkan ni wọn ò kùn lọ́dà."

Nígbà tí wọ́n délé, ó rò ó pé kò sí ẹni lórí ìkànnì tó tíì rí ẹ̀dà tó mọ́ yẹn, òun lè dákẹ́. Thelma dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Kọ ọ́," ó ní. Norris kọ ọ́: "Bàálù tí mo rí, ẹyẹ ni. Ẹ má bínú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rodney Catchpole fèsì. Kò gbà. Ó ní òun fojú ara òun rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti orí ẹni tó ń wà á.

"Ọ̀gbẹ́ni, mo rí i tó bà sórí òrùlé," Norris dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bàálù," Rodney kọ ọ́ padà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwa tí a mọ̀ ọ́n."

Norris kà á sí Thelma létí. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Thelma lè gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì. Norris yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Rodney bí ìrù ẹyẹ ṣe yàtọ̀ sí ìrù bàálù. Títí di ọ̀sán, wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.