Koríko Ojú Gọ́tà

Iṣẹ́ gọ́tà ni ọmọbìnrin yìí ń ṣe. Kì í kó o o. Ó ń yà á sórí ìwé ni, kí àwọn mìíràn tó gbẹ́ ẹ. Síbẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ń ṣàlàyé fún àlejò, á ní ọmọ òun kàwé kàwé, ó kàwé bọ́ sínú gọ́tà. Ọmọ náà á fèsì pé ọ̀nà tí omi bá gbà ni ẹni tó ń lé omi ń gbà.

Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé ìyá wà. Bí òjò bá ti ṣú, á gbé àpótí aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, á kó bàtà lé àpótí, á wá jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Fíríìjì rẹ̀ ti pẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù, àfi kó nàgà.

Nígbà tí ọ́fíìsì ní kí ọmọ ya ọ̀nà omi tuntun fún òpópónà náà, kò ya ti kọnkéré. Eré ni omi ń sá lórí kọnkéré, ilé ẹni ìsàlẹ̀ ló sì ń sá lọ. Ó ya èyí tó fẹ̀ tí kò jìn, tó tẹ́ bí àwo, tí wọ́n gbin koríko sí láti òkè délẹ̀, kí omi lè máa rìn jẹ́jẹ́, kí ilẹ̀ sì máa mu ún. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó dán an wò, ṣùgbọ́n bí omi bá tún wọlé ẹnikẹ́ni, kọnkéré ni wọn yóò dà sí i. Ọmọ mọ ilé tí ẹnikẹ́ni yẹn ń gbé.

Koríko hù, ó tutù yọ̀yọ̀. Ọmọ bá rìnrìn àjò iṣẹ́. Kó tó dé, wọ́n ti ro gọ́tà.

Ìyá rẹ̀ ló kó àdúgbò jáde, ó ní gọ́tà ọmọ òun kò ní di igbó níṣojú òun. Kálukú ro iwájú ilé tirẹ̀, wọ́n gbá a, ó mọ́ débi pé èèyàn lè tẹ́ ẹní sí i. Ibì kan ṣoṣo ló kù: iwájú ilé àti ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá, tó gùn lọ rẹrẹ lókè ilé ìyá gan-an. Télọ̀ ni, Mo-ń-bọ̀ sì ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ohun tó ń sọ fún àwọn oníbàárà nìyẹn. Ohun tó sọ fún ọkọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ dé, ìyá jáde wá gba ìyìn.

"Ó mọ́, àbí kò mọ́?"

"Ó mọ́, Màámi. Ẹ ti fá a lórí."

Ó ṣàlàyé pé gbòǹgbò koríko yẹn ló di ilẹ̀ mú. Ìyá bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ọmọ ronú. Ó sọ fún ọ̀gá, ó sọ fún àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ìyá ẹ̀ tó ń gbé níbẹ̀ nìkan ni kò sọ fún. Ó tọrọ gáfárà. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko padà, àmọ́ òjò kò dúró kó ta gbòǹgbò.

Ìyá gbé àpótí sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n dúró lójú fèrèsé. Àgbàrá pupa ń já bọ̀ látòkè, ó ń kó erùpẹ̀ iwájú àwọn ilé tó mọ́ tónítóní. Ó dé iwájú Mo-ń-bọ̀, ó wọ inú koríko, ó sì rọra ń gbẹ́sẹ̀ bí ọmọdé tó wọ pálọ̀ àgbà. Ibẹ̀ ló sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀nba tó dé ìsàlẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ìyá, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kọjá lọ.

Òjò kò tíì dá tán tí télọ̀ fi yọ lábẹ́ agboòrùn, téèpù lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé o. Ọkọ́ dà?"

"Fọwọ́ kan koríko yẹn," ni ìyá wí, "kí o rí mi."

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó bá òun gbé fíríìjì kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Ọmọ ní kí wọ́n ṣì mú sùúrù kí koríko tuntun fìdí múlẹ̀. Ìyá ní òun ti mú sùúrù tó. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyá nàgà láti ṣí i bí ìṣe rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gba orí fíríìjì kọjá, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó jọ pé òun ti ga sí i.