Ọwọ́ Sìrájù Lábẹ́ Ọmọ Mi

Ẹ má bá mi pe Sìrájù ní akọni o! Àbúrò mi ni, ìyá kan náà ló bí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì mọ̀ ọ́n tinú tòde. Ojo ni. Ìbẹ̀rù ló gbé e dé ìdí ìjà kíkọ́.

Lọ́dún 1999 ló wá bá mi nídìí aṣọ tí mo ń tà ní Treichville, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Kò tíì pé oṣù méjì tó dé tí àwọn olè lù ú lálùbami. Láti ọjọ́ náà, kò lè dá rìn mọ́. Ó bá wá Ignace lọ, olùkọ́ karáté kan ní Marcory. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń gbá ẹ̀ṣẹ́ mọ́ pákó, títí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú, tó sì le koko. Nígbà tó yá, òun náà ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè gba ara wọn sílẹ̀.

Ó tún kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ìjà kíkọ́, Yorùbá lápá kan, Faransé lápá kejì, tòun tàwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Pélagie, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, ló bá a tún Faransé rẹ̀ ṣe. Ọmọ gidi ni. Òun ló rán aṣọ tí mo fi sọ Mubeenah, àbíkẹ́yìn mi, lórúkọ.

Ìjà ìbò wá dé ní 2011. Àwọn ọ̀dọ́ fi táyà dí ọ̀nà Marcory, àdá lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ẹni tí oríkèé rẹ̀ bá le, wọ́n ní ọmọ ogun ni. Háà! Mo wo ọwọ́ àbúrò mi. Mo da gbogbo ìwé rẹ̀ sí ṣáláńgá.

Oúnjẹ tán nílé wa ní Marcory, àfi ká sá lọ sí Treichville. Mo tú Mubeenah, ọmọ oṣù mẹ́jọ, kúrò lẹ́yìn mi, mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn Sìrájù.

"Kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí ọmọ. O ò gbọdọ̀ yọ wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ńkọ́?"

"Má bi mí ní irú ìbéèrè yẹn!"

A dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn yọjú wo ọmọ, ọmọ rẹ́rìn-ín sí i, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní ká kọjá. A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi yẹ ọwọ́ obìnrin kan wò, wọ́n sì wọ́ ọ jáde láàárín èrò. Ó rí wa.

"Maître! Maître Sìrájù!"

Pélagie ni, bó ṣe máa ń pe olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn. Sìrájù dúró. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń jáde bọ̀ lábẹ́ ọmọ. Èmi, Hàwáù, ni mo di ọwọ́ náà mú, mo tì í padà.

"Ọmọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ! Ọmọ mi!"

Pélagie tún pè é. A ń rìn lọ.

Sìrájù ò kọ́ni mọ́, kò kọ̀wé mọ́. Kò tiẹ̀ bá mi jà, ì bá sàn kó bá mi jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Pélagie wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí ọmọ òun lọ́jọ́ náà. Ó gbé Mubeenah mọ́ra, ó ṣàdúrà fún un.

Mo ní a ò rí i.