Orúkọ Màmá tí Mi Ò Béèrè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Atlanta níbí. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ Bùsọ́lá ọmọ mi, ní Lithonia. Nọ́ọ̀sì ni. Tó bá ti gba títì I-20 lọ sí shift láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ ń ṣọ́lé. Àdúgbò yìí dára, àmọ́ ẹ lè rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ má rí ẹni tẹ́ ẹ máa kí!

Lọ́jọ́ kan, mo ń tú àpótí ìwé mi, mo bá rí lẹ́tà kan tí Màmá kọ sí mi láyé àtijọ́.

Ta ni Màmá? Nígbà èwe mi, nígbà tí mo wá ka yunifásítì níbí, yàrá òkè nílé tọkọtaya Júù kan ni mo gbé fún ọdún mẹ́ta. Ọkọ ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀. Ìyàwó ń se ọbẹ̀ adìẹ tí kò ní ata rárá (mo máa ń yọ́ ata sí tèmi!). Wọn ò bímọ. Ọkọ kú ní ọdún kejì tí mo débẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, ọmọ ló ń gbàdúrà ìrántí fún òbí tó ti kú. Ta ni yóò wá rántí òun? Mo ní, "Màmá, èmi ni. Èmi á máa wá síbi ibojì yín."

Mo padà sí Ìbàdàn. Mo ríṣẹ́, mo gbéyàwó. Lẹ́tà yẹn dé, mo ní màá fèsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ wo? Ó ti lé ní ogójì ọdún!

Nígbà tí Bùsọ́lá wà ní off, ó gbé èmi àti lẹ́tà náà lọ sí ilé ìkàwé kan tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ká lè wá ibojì Màmá. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Denise ló dá wa lóhùn. Mo rojọ́ títí. Ó fọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó ní kí lorúkọ Màmá.

Mi ò mọ orúkọ wọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, báwo ni yóò ṣe dojú kọ àgbàlagbà pé kí lorúkọ yín? Màmá ni mo ń pè wọ́n, Pápá ni mo ń pe ọkọ wọn. Lẹ́tà yẹn gan-an, "Màmá" ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ẹ̀.

Bùsọ́lá figbe ta. "Daddy! Three years lẹ fi jẹ oúnjẹ wọn, ẹ ò mọ name wọn? Ẹ ò tiẹ̀ ka orúkọ tó wà lára mailbox wọn lẹ́ẹ̀kan?"

"Ṣé èmi ni mo ni mailbox ni? Ṣé èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ?"

"Ó dáa sir. Ẹ jẹ́ ká search 'Màmá.' Gbogbo Màmá tó wà ní America á jáde."

Denise ní ká túmọ̀ ìjà wa fún òun. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní nílé àwọn náà, ẹni tó bá pe àgbà lórúkọ lásán á jẹ ìyà. Ó wá ní kí n yí àpòòwé lẹ́tà náà padà. Àdírẹ́sì ilé tí mo ti gbàgbé wà lẹ́yìn ẹ̀!

Ìwé ńlá kan wà tí wọ́n kọ àwọn òpópónà àtijọ́ sí, àti ẹni tó ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí Jacob Brodek, atúnbàtàṣe. Láti ibẹ̀, Denise wá ìwé tí Pápá fi di ọmọ Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré kan ní Lithuania ni wọ́n ti wá. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: ìyàwó, Malka.

Malka. Ó dà bí ẹni pé mo yọjú sí yàrá tí wọn ò ní kí n wọ̀.

Àmọ́ níbo ni wọ́n sin Màmá sí? A wá Malka nínú ìwé ìròyìn, kò sí. Denise ní láyé ìgbà yẹn, orúkọ ọkọ ni wọ́n fi ń pe ìyàwó nínú ìwé ìròyìn. A wá Mrs. Jacob Brodek. Ó jáde! Ìlà márùn-ún péré ni ìkéde ikú náà. Ó dárúkọ itẹ́ òkú àwọn Júù tí wọ́n sin wọ́n sí, ní Atlanta níbí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn lẹ́tà tí mi ò fèsì sí ni wọ́n kú.

Ìlà tó kẹ́yìn ní: ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, Adéyẹmí, ní Ìbàdàn, Nàìjíríà.

Èmi nìyẹn. Denise ní òun ti rí i rí: ìyá tó bá ń dá gbé máa ń kọ ìkéde tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú. Bùsọ́lá ò yẹ̀yẹ́ mi mọ́. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Lọ́jọ́ Sátidé tá a dé itẹ́ òkú náà, wọ́n ti géètì pa, nítorí ọjọ́ ìsinmi wọn ni. Mi ò kọ́kọ́ rántí, èmi tí mo bá wọn ṣe Sátidé fún ọdún mẹ́ta! A padà lọ ní Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òdòdó ni mo gbé dání. Mo wá rí i pé òkúta kéékèèké ni àwọn èèyàn kó lé orí àwọn ibojì yòókù. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní ẹni tó bá wá ló ń fi í sílẹ̀, kó lè hàn pé èèyàn wá.

Kò sí òkúta kankan lórí ti Màmá.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa ẹyọ kan, mo gbé e lé e. Mo fẹ́ ka orúkọ wọn sókè. Ó dé ẹnu mi, ó di Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Adéyẹmí ni. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀wọ̀ dára, àmọ́ ọ̀wọ̀ tó jẹ́ ká pàdánù èèyàn ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà yín ní orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Tó bá gba pé kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ bi wọ́n, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì fèsì lẹ́tà wọn!

Ẹ̀yin ńkọ́? Àgbà wo lẹ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tẹ́ ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bùsọ́lá ti lọ sí shift. Mo wà nílé, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.